Níbo Ni Ọta Dúró Sí? Àkọsílẹ̀ Ìbọn Ọ̀dà Márùn-ún Tí Ó Há ní Ẹ̀pẹ́

Ìbọn ọ̀dà mẹ́wàá ni ó wà ní ìkáwọ́ mi ní pápá ìṣeré kan tí kò jìnnà sí etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́, ọmọ ìjọ àti ọmọ yunifásítì ti máa ń wá pín ara wọn sí ọ̀nà méjì, tí wọn a sì máa yin ọta ọlọ́dà lu ara wọn láàárín táyà àti pákó tí a tò kalẹ̀ fún ìsápamọ́. Ohun tí mo ń kọ sílẹ̀ níhìn-ín ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Keje, nígbà tí márùn-ún nínú àwọn ìbọn náà há láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, tí ó sì gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè.

Bí ìbọn wa ṣe ń ṣiṣẹ́ kò díjú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní lóye ohun tí ó dà wá láàmú. Ọta rẹ̀ rí roboto, ó fẹ̀ tó íǹṣì 0.68, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 17.3; jẹ́látìn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe kápúsù oògùn, ni wọ́n fi ṣe awọ rẹ̀, ọ̀dà olómi tí kò ní májèlé sì wà nínú rẹ̀. Hópà, ìyẹn igbá oníke tí ó ń gba nǹkan bí igba ọta, ni ó jókòó sórí ọrùn ìbọn. Kò ní bátìrì, kò sì ní ohunkóhun tí ń ru ọta nínú rẹ̀, ìwúwo ọta fúnra rẹ̀ ni ó ń mú un bọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú yàrá ọta. Bí a bá fa tírígà, òòlù inú ìbọn a fò síwájú, a gbá fáàfù, afẹ́fẹ́ a sì tú jáde. Apá kan afẹ́fẹ́ náà a gbé ọta lọ, apá kejì a ti òòlù padà sẹ́yìn títí ìkọ́ rẹ̀ yóò fi mú un dúró. Bóòtù, ìyẹn irin tí ń ti ọta wọ ẹnu ọ̀pá ìbọn, ni wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so mọ́ òòlù yìí, nítorí náà ibi tí òòlù bá lọ ni bóòtù ń bá a lọ. Rọ́bà kékeré kan tún yọ orí díẹ̀ sínú yàrá ọta láti ẹ̀gbẹ́, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dá ọta dúró kí ó má baà yí síwájú kí bóòtù tó kàn án. Àwọn ìbọn olówó gọbọi ní ojú iná tí ń wò ó bóyá ọta ti wọlé tán kí bóòtù tó sún. Tiwa kò ní.

Òjò ti rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí Sátidé yẹn tó dé, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run là ní àárọ̀, àwọn àlejò wa sì dé láti Èkó ní kùtùkùtù. Eré àkọ́kọ́ lọ wẹ́rẹ́. Nínú èkejì, ẹni tí ó di ìbọn kẹta mú na ọwọ́ sókè, ó ń kígbe pé òun ń fa tírígà, òun ń gbọ́ afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ọta kò jáde. Kí á tó yanjú tirẹ̀, ìbọn kejì ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹsàn-án tẹ̀ lé e, ọ̀dà sì ń kán láti inú ẹ̀kẹrin bí ẹni pé imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe: ó gbọn hópà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fa bóòtù sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta, ó yìn ín sí ilẹ̀, bí ó bá sì ti jáde lẹ́ẹ̀kan, á ní, "Ọ̀gá, ó ti lọ." Ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà, ó tún há. Èmi náà kò sàn jù ú lọ, nítorí mo tú sípíríǹgì ìbọn méjì, mo pààrọ̀ wọn láìjẹ́ pé mo rí ohunkóhun tí ó ṣe wọ́n. Nígbà tí ìbọn keje tún dara pọ̀ mọ́ wọn, ìbọn márùn-ún péré ni ó kù fún àwọn àlejò láti máa gbà lọ́wọ́ ara wọn, olówó pápá sì dá apá kan owó wọn padà. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá náà wá bá mi ní ìdí tábìlì iṣẹ́, ó ní, "Ṣé ìbọn wọ̀nyí ti gbó ni? Bí wọ́n bá ti gbó, sọ fún mi kí n mọ̀." Èmi kò rí èsì fún un, mo kàn ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún mi di ọjọ́ Ajé.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe ni mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fi ojú sí. "Ó há" kò sọ ohunkóhun fún atúnṣe, gẹ́gẹ́ bí "inú ń run mí" kò ṣe sọ ohun púpọ̀ fún oníṣègùn tí kò tíì béèrè ibi tí ó ti ń run ún. Nínú ìbọn ọ̀dà, ibi tí ọta dúró sí nígbà tí ìbọn kọ iṣẹ́ ni ẹ̀rí tí ó wà, ẹ̀rí náà kò sì ṣòro láti bà jẹ́ rárá: bí a bá gbọn hópà lẹ́ẹ̀kan, ó ti parẹ́. Gbogbo ohun tí a ṣe ní ọjọ́ Sátidé ni a fi ń pa ẹ̀rí rẹ́ ní ìbọn kan lẹ́yìn òmíràn.

Oríire tí mo ní ni pé ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a kó wọn wọlé, ọmọ iṣẹ́ mi kò sì ráyè fọwọ́ kan ìbọn kejì, èyí tí ó tún há ní ìgbẹ̀yìn, tàbí ìbọn keje lẹ́yìn tí ó há. Bí wọ́n ṣe há ni a ṣe rọra tẹ́ wọn sórí tábìlì, a kàn ti ìdè ààbò wọn, a fi àpò bo ẹnu wọn, a sì tú sìlíńdà afẹ́fẹ́ kúrò. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo de ìbòjú mi, nítorí pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣì máa ń kù sínú ìbọn lẹ́yìn tí sìlíńdà bá ti kúrò, mo tú ìdè ọrùn ìbọn kejì, mo fi ọwọ́ kan gba abẹ́ hópà, mo sì rọra gbé e sókè pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì ní ọwọ́ kejì. Èmi kò ti ìka bọ inú yàrá ọta, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí bóòtù bá wà ní ẹ̀yìn, nítorí sípíríǹgì tí a ti fún pọ̀ ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Yàrá ọta ìbọn kejì ṣófo. Kò sí ọ̀dà níbẹ̀, kò sí èérún awọ, bí ẹni pé ọta kankan kò dé ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ hópà, níbi tí ó ti fún wọ ọrùn, ọta méjì fi èjìká kan èjìká, ọ̀kan kò jẹ́ kí èkejì kọjá, gẹ́gẹ́ bí èrò méjì tí ó fẹ́ wọ danfó pa pọ̀ ní ibùdókọ̀ Ìtóìkín. Àwọn yòókù sì to ara wọn lé wọn lórí ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ìbọn keje kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú tirẹ̀, ọta kan ti bọ́ sí yàrá ní ààbọ̀, etí bóòtù sì ti gé e. Awọ rẹ̀ ká bí awọ tòmátì tí a bọ sínú omi gbígbóná, ọ̀dà ọsàn ti ṣàn wọ abẹ́ bóòtù, ó sì ti ń dì mọ́ irin. Ìbọn méjì, orúkọ kan náà ni a fi pè wọ́n ní àná, ọ̀kan kò rí ọta jẹ, èkejì gé ọta jẹ kí ó tó dé ẹnu.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ọta nítorí pé òun ni ó rọrùn jù láti yẹ̀ wò. Mo tú ọ̀pá ìbọn kejì kúrò, mo fọ̀ ọ́, mo gbẹ ẹ́, mo sì mú ọta kan láti inú hópà rẹ̀, mo gbé e sí ẹ̀yìn ọ̀pá náà. Ọta tí ó dára a wọlé, a dúró níbẹ̀ fúnra rẹ̀, bí a bá sì fẹ́ èémí sí i, a yọ jáde ní òdì kejì. Èyí kò wọlé rárá. Òmíràn wọ ààbọ̀, mo yí i díẹ̀, ó wọlé. Ìyẹn ni pé kò rí roboto mọ́. Mo fi káálípà wọn ogún nínú wọn: púpọ̀ nínú wọn kọjá mìlímítà 17.6 ní ìhà kan, nígbà tí wọ́n ṣì wà ní nǹkan bíi 17.3 ní ìhà kejì, àwọn kan sì ní ojú pẹlẹbẹ kékeré kan ní ara. Nígbà tí mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n, wọ́n rọ̀.

Láti ibẹ̀ ni mo ti gba inú kọ̀ntánà tí a ń kó ẹrù sí lọ. Páálí ọta a máa ní ẹgbẹ̀rún méjì ọta, tí a pín sí àpò mẹ́rin, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Páálí tí a lò ní Sátidé ti wà lórí sìmẹ́ǹtì lásán láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ti ya àpò méjì nínú rẹ̀ láti ìgbà ìṣeré ìṣáájú, a kàn ká ẹnu wọn pọ̀ láìdì í. Jẹ́látìn a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ etí ọ̀sà ní oṣù Keje sì ni ẹ wò yìí, tí iyọ̀ kì í gbẹ nínú agolo, tí gaàrí tí a kò dé a máa ṣù. Nígbà tí awọ ọta bá ti fa omi, a wú, a rọ̀, ìwúwo àwọn tí ó wà lókè a sì tẹ àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ pẹlẹbẹ. Ìyá kan tí ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Olúwo, tí ó máa ń gba iwájú pápá wa kọjá, rí mi níbi tí mo ti ń wọn ọta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bi mí léèrè ohun tí mo ń ṣe, nígbà tí mo ṣàlàyé, ó ní, "Ẹja tí wọ́n gbé sórí ilẹ̀ lálẹ́ òjò nìyẹn." Ó ṣe mí bí ẹni pé kí n fún un ní tábìlì iṣẹ́ mi.

Ọmọ iṣẹ́ mi, nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹja yìí, sá ọta bí ọgọ́rùn-ún sí oòrùn lórí páànù. Kí a tó jẹun ọ̀sán tán, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ooru kì í tún jẹ́látìn tí ó ti wú ṣe, a kàn ń sọ ọ́ di ẹ̀kọ ni. Ọta tí ó bá ti wú ti lọ nìyẹn. Ohun tí ó kù ni kí a má lò ó nínú ìbọn.

Wíwú yìí nìkan ni ó ṣàlàyé bí ọta ṣe ń dí ọrùn. Ọrùn hópà fẹ̀ ju ọta kan lọ díẹ̀, kò sì fẹ̀ tó méjì. Ọta roboto tí ó gbẹ a yọ̀ lára èkejì rẹ̀, a sì bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọta tí ó rí bí ẹyin tí ara rẹ̀ tún rọ̀ a fara mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ títí wọn yóò fi di ògiri. Bí ẹni tí ń yìn bá tún ń sáré fa tírígà, ọ̀ràn náà a burú sí i, nítorí hópà tí kò ní ohun tí ń ru ọta kò lè yára ju bí nǹkan ṣe ń jábọ́ lọ. Eré yìí gan-an kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkánjú. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 1981, nígbà tí àwọn ènìyàn méjìlá ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú igbó kan ní Henniker ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà, ìbọn Nelspot tí wọ́n ń lò fún fífi àmì sára igi àti màlúù ni wọ́n fi ṣe é, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń fa á sẹ́yìn kí ọta kọ̀ọ̀kan tó lè jáde. Àwọn àlejò tiwa ń fa tírígà bí ẹni tí ń lu gángan.

Ní ọjọ́ Ajé, mo ya àpò tuntun kan láti inú páálí tí a kò tíì ṣí, mo gbé ọta rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀pá, ó dára, mo sì yin ọgọ́rùn-ún ọta nínú ìbọn kejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹsàn-án. Kò sí èyí tí ó há nínú wọn. Èmi kò fi epo kan kàn wọ́n, mo sì dá sípíríǹgì àtijọ́ padà sínú àwọn tí mo ti pààrọ̀, kí n lè mọ̀ dájú pé ọta ni ó tún wọn ṣe. Bí mo bá dúró níbẹ̀, ǹ bá kọ̀wé sí bàbá olówó pápá pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ṣùgbọ́n ìbọn kẹrin, tí mo rò pé òun náà yóò gbọ́, burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pẹ̀lú ọta tuntun. Láàárín ogún ọta, ó gé mẹ́ta. Èyí dààmú mi púpọ̀, nítorí mo rò pé bí ọta bá dára, kí ìbọn sàn ni, kì í ṣe kí ó burú sí i. Mo tún tú hópà rẹ̀ bí mo ti ṣe fún àwọn yòókù, mo fọ ọ̀dà kúrò, mo yọ ọ̀pá ìbọn, mo fa bóòtù sẹ́yìn, mo sì fi ọwọ́ ju ọta kan sí ọrùn rẹ̀. Ọta náà bọ́ sí yàrá, kò dúró, ó yí síwájú díẹ̀ kọjá ibi tí rọ́bà ìdènà yẹ kí ó ti mú un. Mo ju èkejì sí i, ó bọ́ sí àlàfo tí àkọ́kọ́ fi sílẹ̀, ààbọ̀ rẹ̀ ni ó sì wọlé, ààbọ̀ kejì wà ní ọrùn. Ibẹ̀ gan-an ni etí bóòtù máa ń gbà kọjá. Nígbà tí mo yọ rọ́bà náà, mo rí i pé orí rẹ̀ ti jẹ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara ògiri yàrá dọ́gba. Ọta wíwú ni ó ti ń bo àṣírí rẹ̀ láti ìgbà yìí wá, nítorí ọta tí ó tóbi jù kò lè yí síwájú bí kò bá sí ẹni tí ó tì í. Ọ̀dà tí a rí nínú rẹ̀ ní Sátidé wá láti ara ọta tí ó fún jù tí ó fọ́ nínú ọ̀pá ìbọn, kì í ṣe èyí tí bóòtù gé. Rọ́bà tuntun kò ná wa ní nǹkan púpọ̀. Mo fi í sí i, mo gbé ẹnu ìbọn náà sí ilẹ̀ láìsí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, ọta dúró sí àyè rẹ̀, kò yọ.

Ìbọn keje ni ó gba gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ́wọ́ mi, òun náà sì ni ó ń dùn mí. Àmì tirẹ̀ ni pé bí a bá fa tírígà lẹ́ẹ̀kan, a óò gbọ́ "tà-tà-tà" tí kò lágbára, lẹ́yìn náà ọta gígé. Ìtumọ̀ ìró yẹn ni pé òòlù ń padà sẹ́yìn ṣùgbọ́n kò dé ibi tí ìkọ́ ti lè mú un, nítorí náà ó tún fò síwájú fúnra rẹ̀, bóòtù sì pàdé ọta tí kò tíì bọ́ tán. Ohun méjì ni ó wọ́pọ̀ tí ń fa èyí: kí afẹ́fẹ́ má tó, tàbí kí òòlù má lè rìn. Mo wo sìlíńdà, ó ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 700 psi, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe fún pọ̀ tó, nígbà tí regulétọ̀ irú sìlíńdà tí a ń lò, ìyẹn ohun tí ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù kí ó tó wọ ìbọn, fẹ́ láti máa fún ìbọn ní nǹkan bíi 800. Sìlíńdà yìí kan náà, bí ó bá kún, 3000 ni. Mo fi èyí tí ó kún sí i. Ìró náà dínkù, ṣùgbọ́n kò tán.

Mo tú u pátá. Mo fi ìka kan ti òòlù rẹ̀ nínú ihò rẹ̀, mo sì fi ìka kan ti ti ìbọn kejì kí n lè fi wé ara wọn. Ti ìbọn kejì ń yọ̀ lọ bí ọṣẹ nínú omi. Ti ìbọn keje ń lọ́ra, ó ń há mọ́ ẹ̀gbẹ́. Rọ́bà òrùka tí ó wà ní ìdí òòlù náà ti wú, ó sì rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, òórùn kan tí mo mọ̀ sì ń jáde lára rẹ̀. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi. Mo bi í pé kí ni ó fi sí ìbọn yìí. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń há díẹ̀díẹ̀, mo fi èyí tí wọ́n ń fọ́n sí ara bóòtù mọ́tò sí i." Epo fífọ́n tí a fi ń tú bóòtù tó ti dípẹtà máa ń ba irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ jẹ́, ìbọn fẹ́ epo tirẹ̀, ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta ní ibi tí sìlíńdà ti ń wọlé, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú bí mi, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi rántí pé èmi ni mo gbé agolo náà sórí tábìlì iṣẹ́, n kò sì sọ fún un rí pé kì í ṣe ti ìbọn. Ohun tí ó ń há "díẹ̀díẹ̀" ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọta ni. Ó tọ́jú àìsàn tí ìbọn kò ní, ó sì fi òmíràn sí i lára.

A pààrọ̀ òrùka náà, a nu gbogbo inú ìbọn pẹ̀lú aṣọ tí kò ní èérún, a fi epo rẹ̀ sí i. Mo yin hópà kan tán nínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, igba ọta, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń wọn eré ọta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí n rí i pé kò kọjá ẹsẹ̀ bàtà 280 ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí a fi ṣe òfin pápá wa. Kò gé ẹyọ kan. Mo wá lọ jábọ̀ fún bàbá náà pé ìbọn kò gbó. Owó páálí ọta kan, rọ́bà kékeré kan àti òrùka kan ni a jẹ ní gbèsè.

Nísinsìnyí, orí pákó ni páálí ọta ń jókòó, kò kan sìmẹ́ǹtì. Àpò tí a bá ya, inú ike tí ó ní ìdérí líle ni ọta tí ó kù ń lọ, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tí ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tí ó máa ń wà nínú páálí bàtà, a sì ń yí àpò tí a kò tíì ya padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí ìhà kan má baà tẹ́. Kọ̀ntánà náà ṣì ń gbóná lọ́sàn-án, èmi kò tíì rí ojútùú ìyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìṣeré, ọta mẹ́wàá láti inú àpò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn ọ̀pá kí a tó da ìyókù sí hópà.

Ní ìparí oṣù Kẹjọ, mo wà ní Ìjẹ̀bú-Òde níbi tí mo ti lọ ra nǹkan, ọmọ iṣẹ́ mi pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ọ̀gá, ìbọn kẹfà ni. Ọta wà ní ọrùn, yàrá ṣófo, mi ò tíì gbọn ọ́n." Mo ní kí ó gbé hópà sókè, kí ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Mo gbọ́ tí ó ń tú ìdè ọrùn, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín: etí ọ̀rá àpò ọta ni, wẹ́wẹ́ kan tí kò tó èékánná, ó ti bá ọta wọ inú hópà nígbà tí ó ń fi eyín ya àpò.